Ọjọ́ Tí Àwọn Strickler Wá Jẹun

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹta ọdún 1955, Ọ̀gbẹ́ni Strickler àti ìyàwó rẹ̀ wá jẹun alẹ́ nílé Russ Pruitt, òṣìṣẹ́ rẹ̀, ní ìlú Harlan Falls, ní Ohio. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tí wọ́n ń bọ̀ wá ṣe. Kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé-iṣẹ́ Kessling, níbi tí wọ́n ti ń ṣe fíríìjì, nìyẹn. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé ọkùnrin kan ga sí ipò tí yóò ti ní akọ̀wé tirẹ̀ àti ilẹ̀kùn tó ń tì, wọn kì í pè é sí ọ́fíìsì kí wọ́n wá máa bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ọ̀gá á kàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, á ní, "Pruitt, ìyàwó mi ń sọ pé a ò tíì mọ ilé yín." Láti ọjọ́ náà ni ilé ti wọ ìdánwò. Kì í ṣe ọkọ ni wọ́n ń bọ̀ wá wò, wọ́n ti ń wo ọkọ láti ọdún pípẹ́. Ìyàwó ni: bó ṣe ń tẹ́ tábìlì, bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, ohun tó ń mu, ohun tó máa ń sọ bí kò bá sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ. Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kò bá ṣeé mú jáde láwùjọ, ibi tó wà ni yóò wà títí irun rẹ̀ yóò fi funfun.

Arlene Pruitt, ìyàwó Russ, mọ gbogbo èyí. Ó sì ti pinnu pé òun máa fìdí rẹmi.

Ọdún mẹ́fà ló ti fi ń lọ sí ilé àwọn panápaná àtijọ́, níbi tí ẹgbẹ́ òṣèré ìlú ti ń ṣe eré orí ìtàgé nígbà ìrúwé àti nígbà ìkórè. Míìsì Gertrude Oakes, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń darí wọn. Nínú ọdún mẹ́fà yẹn, àwọn ènìyàn ò rí Arlene rí. Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ló máa ń jókòó sí, lórí àpótí, pẹ̀lú ìwé eré lórí orúnkún àti tọ́ọ̀ṣì kékeré lọ́wọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa tẹ̀lé ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn òṣèré. Bí ọ̀rọ̀ bá gbẹ mọ́ ẹnì kan lẹ́nu, Arlene á sọ ọ̀rọ̀ tó kàn sí i lábẹ́lẹ̀ kí àwọn tó ń wòran tó fura. Ó wá mọ iṣẹ́ náà débi pé kò wo ìwé mọ́. Bí ènìyàn bá ti fẹ́ gbàgbé, ọrùn rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ fún un.

Ní oṣù Kìíní ọdún yẹn, Míìsì Oakes pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ìwé eré tuntun lé e lọ́wọ́, ó ní, "Ìwọ ni opó yẹn." Opó kan tó ní oko ni olú eré náà, gbogbo ìlú ń fẹ́ kó tà á, kò sì tà á. Arlene rò pé ó ń ṣàwàdà. Míìsì Oakes kì í ṣàwàdà. Ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni Arlene nígbà náà. Ó ti ṣe ìyàwó, ó ti ṣe ìyá, ó ti ta bàtà ní ṣọ́ọ̀bù, kò sì tíì sí ẹni tó yàn án fún nǹkan kan rí nítorí pé òun nìkan ló lè ṣe é. Àárín oṣù Kẹrin ni eré náà. Bó bá ń fọ àwo, ọ̀rọ̀ opó náà ló ń sọ. Bó bá ń ti kẹ̀kẹ́ ọjà, òun ló ń sọ.

Lẹ́yìn náà ni Russ délé ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kejì, tí kò bọ́ kóòtù, tó dúró sáàárín pálọ̀, tó ní wọ́n ń wá máníjà fún St. Louis, tí ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin.

"Orúkọ mi wà níbẹ̀, Arlene. Èmi àti Fenton ni wọ́n ń wò."

"Oṣù Kẹrin? Eré mi ńkọ́?"

"Eré wà ní St. Louis náà."

"Ta ló mọ̀ mí ní St. Louis? Àpótí ni wọ́n máa tún gbé mi jókòó lé. Ọdún mẹ́fà mìíràn."

"Arlene, máníjà ni wọ́n ní kí n wá ṣe o."

"Mo gbọ́. Mo ní n kò fẹ́ lọ."

Ó wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ń ṣàìsàn. Russ kò lè gbọ́ ọ, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ pátápátá. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí àpáta wó lu bàbá rẹ̀ nínú ihò èédú. Òun àti ìyá rẹ̀ gbé nínú yàrá kan lókè ilé ẹṣin, wọ́n ń fi páálí tẹ́ inú bàtà, tí òjò bá rọ̀, páálí á di àkàṣù lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kó tó dé ilé-ìwé. Ọdún márùn-ún ló fi lọ sí ilé-ìwé alẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, ó ń sùn lórí bọ́ọ̀sì. Ẹni tó ti ibẹ̀ wá, bí a bá na ọwọ́ sí i láti òkè, yóò dì í mú ni. Arlene náà mọ ohun tí àìní ń jẹ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1932, báńkì kó ẹrù wọn síta, wọ́n dojú àga aláwọ̀ pupa ìyá rẹ̀ dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nínú òjò, gbogbo àdúgbò sì rí abẹ́ rẹ̀ níbi tí ó ti ya. Ìyá rẹ̀ kò sọkún. Aṣọ ìborí rẹ̀ ló bọ́, tó fi bo ibi tó ya náà.

Síbẹ̀, Arlene kò fẹ́ lọ.

Wilma Dugan, ará ilé kejì, ló fi ọgbọ́n náà sí i lórí láìmọ̀. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà, ó fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

"Ṣílẹ̀kùn, ọwọ́ mi kún! Abọ́ ọbẹ̀ ìyá Carl nìyí. Fàdákà gidi ni o. Tó bá já bọ́, kí ìwọ náà tètè já bọ́ tẹ̀lé e, torí ìyá yẹn á jí dìde ní sàréè wá bá wa."

Arlene gba abọ́ náà. "Wilma, ṣé lóòótọ́ ni pé obìnrin yẹn máa ń wo balùwẹ̀?"

"Balùwẹ̀ kẹ̀? Kọ́bọ́ọ̀dù oògùn mi ló ṣí! Mo gbọ́ bó ṣe ń dún kẹ̀ẹ̀. Mo kígbe láti pálọ̀, mo ní, 'Ìyáàfin Strickler, tó bá jẹ́ oògùn orí fífọ́ lẹ ń wá, ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún mi o, alẹ́ ò tíì lẹ́ tán.'"

"O ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo fi ìyá mi búra. Ìgbà tí mo wá mu ife kẹta ni mo pa àwàdà pásítọ̀ àti ewúrẹ́. Carl kàn ń wo àwo rẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ wọnú pòtétò lọ farapamọ́."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí Wilma fi jókòó. Ó ti di ọdún kẹta tí àwọn Strickler ti wá jẹun nílé Wilma. Carl Dugan ṣì wà níbi tí wọ́n ti ń fi pákó di fíríìjì, níbi tó wà ṣáájú oúnjẹ alẹ́ yẹn gan-an.

"Ṣé o kábàámọ̀?" Arlene béèrè.

"Mo kábàámọ̀ nígbà tí bàtà àwọn ọmọ bá ya. Àwọn ọjọ́ yòókù, inú ilé ara mi ni mo wà." Wilma dẹ́kun ẹ̀rín. "Kí ló dé? Arlene, wò mí lójú. Kí lo fẹ́ ṣe lónìí?"

"Mo fẹ́ dáná."

"Ọlọ́run ṣàánú." Wilma dìde, ó mú Patty, ọmọ Arlene, lọ́wọ́ kó lè lọ bá àwọn ọmọ tirẹ̀ ṣeré títí àlejò á fi lọ. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Carl ò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù méjì. Mo kàn ní kí n fi kún un."

Arlene ti pinnu bí yóò ṣe ṣe é. Kò ní pariwo, kò ní bú ẹnikẹ́ni. Yóò fi ẹran sínú ààrò ju bó ṣe yẹ lọ. Yóò máa rọ wáìnì kún ife ara rẹ̀. Nígbà tí àkókò bá tó, yóò sọ fún wọn nípa eré náà, yóò sì sọ ọ́ lọ́nà tí wọn kò ní gbàgbé. Ó tó. Wọn kò ní bínú sí Russ. Wọ́n á kàn ṣàánú rẹ̀, wọ́n á sì rán Fenton lọ.

Russ délé ní kùtùkùtù ìrọ̀lẹ́, ó fá irungbọ̀n lẹ́ẹ̀kejì. Láti inú ilé ìdáná ni Arlene ti ń gbọ́ ọ níwájú dígí. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tó ti ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún dígí yẹn: ibi ìkẹ́rù ni òun ti bẹ̀rẹ̀, òun mọ ohun tí ẹrù jẹ́ kó tó di nọ́ńbà lórí ìwé, òun ló dúró ti ilé ẹrù ní òjò dídì ńlá ọdún 1950. Arlene ti mọ ọ̀rọ̀ náà sórí bó ṣe mọ ti opó náà sórí.

"Kí ni òórùn yẹn?" Russ béèrè bó ṣe wọlé wá.

"Ẹran ni."

"Ṣé kò ti pẹ́ jù nínú iná?"

"Ṣé ìwọ ló ń dáná ni?"

Ó wò ó. Ó tún táì rẹ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ kò wọ́ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Strickler ga, ó rọra ń sọ̀rọ̀, ó sì máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tán kó tó dáhùn, èyí tó ń dẹ́rù bani ju igbe lọ. Ìyàwó rẹ̀ wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ̀ eérú. Bó ṣe ń bọ́ ìbọ̀wọ́ ní ìka kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ ti dé orí aṣọ fèrèsé, ó ti dé orí àwòrán Patty, ó ti padà sára Arlene, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ilé yín rẹwà, ọ̀wọ́n. Ó tù mí lára gan-an. Níbo ni mo ti lè fọwọ́?"

Arlene fi balùwẹ̀ hàn án. Àwọn yòókù dúró ní pálọ̀, wọ́n sì gbọ́ tí kọ́bọ́ọ̀dù oògùn dún kẹ̀ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jókòó, ẹran náà ti gbẹ bí awọ bàtà. Ọ̀gbẹ́ni Strickler gé e, ó jẹ ẹ́, ó tún gé e. Ìyáàfin Strickler gé tirẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, kò jẹ wọ́n. Arlene rí i pé ojú Russ ń tẹ̀lé ọwọ́ obìnrin náà.

"Ẹ má bínú, ẹran yẹn ti le," ni Arlene wí. "Mo máa ń gbàgbé nǹkan sórí iná. Russ ti mọ̀ mí."

"Ó dùn," ni Ọ̀gbẹ́ni Strickler wí.

Arlene na ọwọ́, ó fa ìgò wáìnì sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó rọ ọ́ kún ife rẹ̀ títí dé ẹnu. Kò sẹ́ni tó tíì mu ìdajì tirẹ̀. Ó gbé e, ó mu ún, ó sì gbé ife náà kalẹ̀ kí ó lè dún.

"Kí lẹ máa ń fi ìrọ̀lẹ́ yín ṣe, Ìyáàfin Pruitt?" Ìyáàfin Strickler béèrè. Ìbéèrè náà gan-an nìyí. Wilma ti sọ pé yóò dé.

"Eré orí ìtàgé ni."

"Ẹ̀yin àti Ọ̀gbẹ́ni Pruitt jọ ń lọ wò ó?"

"Rárá o. Èmi ni mò ń ṣe é. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni a máa ń péjọ, àfi ti òní tí mo sọ fún wọn pé mo ní àlejò. Ìgbà mìíràn ó máa ń pẹ́. Howard tó ń ta oògùn ló ń ṣe ọkùnrin tó fẹ́ mi. Ó máa ń fẹnu kò mí lẹ́nu ní apá kejì eré. Míìsì Oakes ní a kò tíì ṣe é dáadáa, pé kí á túbọ̀ fi ìgbóná ara ṣe é." Ó tún mu wáìnì. "Gbogbo ìlú ló máa wá wò ó. Tíkẹ́ẹ̀tì ti ń tán."

Ọ̀gbẹ́ni Strickler gbé fọ́ọ̀kì rẹ̀ kalẹ̀.

Ìyáàfin Strickler kò gbé tirẹ̀ kalẹ̀. "Èmi náà máa ń kọrin tẹ́lẹ̀," ló wí, bí ẹni tó ń sọ nípa ilé kan tó ti gbé rí. "Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní Dayton. Wọ́n máa ń wá láti ìlú mìíràn wá gbọ́ mi. Ó máa ń kọjá, ọ̀wọ́n. Bí ikọ́ ni."

Arlene rí i lójú ọ̀gá náà pé ó ti parí. Ọkùnrin náà ń wo Russ gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ṣe ń wo ọkọ̀ tó wù ú, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú. Ó ti ṣe é. Ní oṣù Kẹrin, yóò gorí ìtàgé.

"Pruitt," ni Ọ̀gbẹ́ni Strickler wí, jẹ́jẹ́. "Fenton náà fẹ́ lọ sí St. Louis. Ọmọ dáadáa ni. Ó kàwé jù ẹ́ lọ. Sọ fún mi, kí ló dé tí n kò fi ní rán Fenton?"

Russ nu ẹnu. Ó fi aṣọ ìnuwọ́ sórí itan.

"Ibi ìkẹ́rù ni mo ti bẹ̀rẹ̀, sà. Mo mọ ohun tí ẹrù jẹ́ kó tó di nọ́ńbà lórí ìwé..."

Ó dúró.

Arlene gbójú sókè. Russ ń wo ògiri níwájú rẹ̀. Ọrùn rẹ̀ ti le, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀, kò sí ohun tó ń jáde. Aago ilé ìdáná ń dún. Ìyáàfin Strickler wo ọwọ́ ara rẹ̀, nítorí pé ojú ń tì í fún ọkùnrin náà. Ohun tó kù kí Arlene ṣe kò ju pé kó jókòó lọ. Kó kàn jókòó, kó má mí, kí ìdákẹ́jẹ́ náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán.

Àmọ́ ọdún mẹ́fà wà lára rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti ṣí kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀.

"Òjò dídì, Russ."

Lábẹ́lẹ̀ ló sọ ọ́, ètè rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mì, bó ṣe máa ń sọ ọ́ lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Russ yíjú sí i. Ojú tó fi wò ó ṣàjèjì sí i, kò sì ráàyè rò ó, nítorí pé Russ ò tíì sọ̀rọ̀ síbẹ̀, àwọn àlejò sì ti gbọ́. Bí àwọn tó ń wòran bá ti gbọ́ ohùn ẹ, ó di dandan kí o bò ó mọ́lẹ̀. Arlene fi ẹ̀rín bò ó.

"Kì í fẹ́ sọ ọ́, sà. Ojú máa ń tì í. Sọ fún wọn, Russ. Òjò dídì ọdún 1950. Sọ bí o ṣe fẹsẹ̀ rìn láti ilé dé ilé ẹrù nígbà tí títì ti dí."

Russ yíjú padà sí ọ̀gá. "Mo... mo rìn lọ, sà. Iná tó ń mú ilé ẹrù gbóná ti ń kú lọ. Tí páìpù bá bẹ́, gbogbo ẹrù tó wà nílẹ̀ á bàjẹ́."

"Ta ló rán ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, sà."

"Ìgbà wo lo kúrò níbẹ̀?"

"Ó di ìgbà tí ọkọ̀ tó ń kó òjò dídì dé," ni Arlene wí. "Orí páálí fíríìjì ló sùn. Ó délé, ó ń rùn bí èédú, mo ní kó dúró síta kí n kọ́kọ́ fi ìgbálẹ̀ gbá ara rẹ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Strickler rẹ́rìn-ín. Ó kéré, àmọ́ ẹ̀rín ni. "Kí ló dé tí n kò gbọ́ ọ rí? Ọdún márùn-ún!"

Kí Russ tó la ẹnu, Arlene ti dáhùn.

"Ó ní ẹni tó ń sọ ohun tó ṣe fún ọ̀gá, owó ló ń wá. Ó ní ẹni tó ń dákẹ́, iṣẹ́ ló ń ṣe."

Russ kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Arlene ló dá a sílẹ̀ níbẹ̀, lórí ìjókòó. Ọ̀gbẹ́ni Strickler gbá tábìlì pẹ́pẹ́. Ó wo Russ láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

"Russ," ló wí. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa pè é ní orúkọ àbísọ rẹ̀ nìyẹn, gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Kessling ló sì mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

Ó ku Ìyáàfin Strickler. Ó ti gbé orí sókè, ó ń wo Arlene tààrà. "Eré orí ìtàgé náà ńkọ́, ọ̀wọ́n? Ìyàwó Ọ̀gbẹ́ni Kessling fúnra rẹ̀ ló máa ń gba àwọn ìyàwó máníjà tuntun lálejò ní St. Louis. Àárín oṣù Kẹrin ni."

Àwọn mẹ́ta ń wo ẹnu rẹ̀. Arlene mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ níbẹ̀. Ó mọ ọ́n bí ènìyàn ṣe ń mọ àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló lè mú ìran náà parí dáadáa, Arlene kò sì tíì já ìran kankan kulẹ̀ rí.

"Áà, ìyẹn?" Ó ti ìgò wáìnì sẹ́yìn, ó gbé ọwọ́ lé apá ọkọ rẹ̀. "Eré lásán ni, mà. Nǹkan tí mo fi ń ṣeré ní ìgbà òtútù ni. Wọ́n lè fún ẹlòmíràn."

Ó sọ ọ́ dáadáa. Kò sí ohun tó tíì sọ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìyáàfin Strickler gé ẹran kan, ó fi sẹ́nu, ó jẹ ẹ́.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ, ọ̀gá náà bọ Russ lọ́wọ́, ó ní òun á pe Fenton lórí tẹlifóònù láàárọ̀ kí ó má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ìyáàfin Strickler fi ẹnu kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ Arlene. "Ẹ̀yin méjèèjì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni kan ṣoṣo," ló wí. "Ohun tí a máa ń wá nìyẹn."

Mọ́tò wọn lọ. Russ kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí ló dé tí o ṣe é?" ló béèrè.

"Ọ̀rọ̀ gbẹ mọ́ ẹ lẹ́nu."

"Ọ̀rọ̀ ò gbẹ mọ́ mi lẹ́nu, Arlene."

Arlene dúró pẹ̀lú àwo tó ń kó lọ́wọ́.

"Mo rí ẹran yẹn," ni Russ wí. "Mo rí ìgò. Nígbà tí o dá ọ̀rọ̀ Howard sílẹ̀, mo mọ̀ pé ohun tí o ń sọ láti oṣù Kejì lo ń sọ, pé mi ò kàn gbọ́ ni. Ó ní kí n sọ̀rọ̀, mo bẹ̀rẹ̀. Mo wá wò ó pé tí mo bá sọ ọ́ tán, mo ti mú ẹ lọ nìyẹn. Mo bá dákẹ́." Ó tú táì rẹ̀. "Mo mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ ni. Mo fẹ́ kí ipò náà lọ."

"O fẹ́ kó lọ."

"Ìwọ lo wá sọ ọ́. Mo ní, àṣé ó ti yí ọkàn padà. Àṣé òun náà fẹ́ ẹ. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọkún síwájú ọ̀gá mi."

Arlene gbé àwo náà kalẹ̀. Ó jókòó sórí àga tí Ìyáàfin Strickler ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. Ó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́.

"Kò tíì pẹ́," ni Russ wí. Ó lọ sídìí tẹlifóònù, ó gbé e. "Wọn ò tíì pe Fenton. Màá pè wọ́n. Màá ní mo ti rò ó."

"Tí o bá bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ tí o wá kọ̀, kí ni wọ́n máa ṣe fún ẹ?"

Wọ́n jọ mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin kan wà ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń fi ọ̀dà kun fíríìjì tó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1951. Wọn ò lé e. Wọ́n kàn gba iṣẹ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, òmíràn lọ́la, títí ó fi di pé ẹnu géètì ló ń jókòó sí.

"Sọ kí n pè wọ́n, Arlene. Sọ ọ́, màá pè wọ́n."

Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí nọ́ńbà. Ojú rẹ̀ mọ́, ó ń dúró de ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Arlene la ẹnu. Ohun tó wá sí i lójú kì í ṣe oko opó náà, kì í ṣe iná orí ìtàgé. Abẹ́ àga pupa ni, níbi tó ti ya, àti òjò tó ń wọ inú òwú rẹ̀, àti orí ìyá rẹ̀ tí kò ní ìborí.

"Gbé e kalẹ̀," ló wí.

Russ gbé e kalẹ̀, ó sì rọra lọ mú Patty wá láti ilé Wilma.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Arlene mú ìwé eré náà lọ sí ilé Míìsì Oakes. Ó ti ro ohun tí yóò sọ lójú ọ̀nà, pé iṣẹ́ ọkọ òun ni, pé ó ká òun lára. Míìsì Oakes gba ìwé náà lẹ́nu ọ̀nà, kò ní kó wọlé.

"St. Louis?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ṣé wọ́n fi tipá mú ẹ ni?"

"Rárá, mà. Èmi ni mo ní kí wọ́n fún ẹlòmíràn."

Arúgbó náà fi ìwé náà sábẹ́ apá. "N kò ní ẹlòmíràn," ló wí. "Mo ní Betty Lindquist. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń dúró lórí ìtàgé." Ó ti ilẹ̀kùn.

Betty Lindquist, ẹni ọdún mọ́kànlélógún, ló ṣe opó náà ní oṣù Kẹrin. Àwọn tó wò ó ní ó ṣe é tó. Wọ́n ṣe é fún alẹ́ mẹ́ta. Russ Pruitt ṣe máníjà ní St. Louis fún ọdún mọ́kàndínlógún, kò sì sí ẹni tó rí àṣìṣe lọ́wọ́ rẹ̀. Arlene kò gorí ìtàgé níwájú àwọn òǹwòran rí láyé rẹ̀.